Ohun tí rírán aṣọ Bàbá Sàlá kọ́ mi

Ẹni tó bá wá bá mi pé kí n rán aṣọ bíi ti Bàbá Sàlá, aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́, fún òun, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, tẹlifíṣọ̀n ilé yín nígbà náà, ṣé aláwọ̀ ni àbí dúdú-òun-funfun? Ọ̀pọ̀ wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní dúdú-òun-funfun ni, èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tó nílẹ̀kùn tí bàbá wọn máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ká tó wí méjì, wọ́n á ní pupa fòò ni bóòtáì Bàbá Sàlá. Ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n jọ jókòó sórí ẹní kan náà wò ó á ní rárá o, àwọ̀ ewé ni. Kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú wọn. Tẹlifíṣọ̀n ò fún wọn ní àwọ̀ kankan. Ọkàn ọmọdé ló kun aṣọ náà fún kálukú, ọ̀dà náà sì ti gbẹ síbẹ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn. Pupa tí wọ́n fẹ́ náà ni kí ẹ rán, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí owó tó jáde lápò.

Iṣẹ́ yìí ò wọ́n. Àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 50 tàbí 60 máa ń ní kí àlejò múra bí ará àtijọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ àṣà tiwọn, Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé náà wà, 27 oṣù Karùn-ún. Télọ̀ tó bá gbà á bí iṣẹ́ eré á rí i pé kì í ṣeré rárá. Bóòtáì á ti sorí kọ́ kí wọ́n tó gé kéèkì, férémù gíláàsì á ti já sínú ọbẹ̀, ẹni tó wọ aṣọ á sì dúró láàrin agbo láìrí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Ojú máa ń ti ènìyàn nírú àkókò yẹn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó fẹ́ kí ará ilé rántí ìgbà kan tí gbogbo wọn jọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ń bi í pé kí ló wọ̀.

Fún àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n: Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Iléṣà. Wọ́n bí i ní 1936, ó sì kú ní oṣù Kẹwàá 2018. WNTV (Western Nigeria Television) tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 31 oṣù Kẹwàá 1959, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ni òun àti ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ gbà wọ pálọ̀ àwọn èèyàn. Àmọ́ kó tó di aláwàdà, olórin ni. Federal Rhythm Dandies ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́, Sunny Adé sì ta gìtá níbẹ̀ kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé ibi orin yẹn ni bóòtáì ti tẹ̀ lé e wá. Kóòtù àti bóòtáì ni àwọn olórin háílàìfù ayé ìgbà yẹn fi ń gun ìtàgé. Nígbà tó wá dojú kọ àwàdà, kò ju bóòtáì nù, ńṣe ló fẹ̀ ẹ́ lójú.

Èyí ni mo fẹ́ kí télọ̀ fi sọ́kàn ju gbogbo ohun tó kù lọ. Aṣọ ẹni tó gbà pé òun ti múra tán ni. Bàbá Sàlá kì í wọṣọ bíi wèrè. Táì wà lọ́rùn, gíláàsì wà lójú, aago wà níbi tí aago ń gbé, gbogbo ohun tó yẹ kó wà lára gbajúmọ̀ ló pé, ìwọ̀n wọn nìkan ló burú. Tí ẹ bá ya aṣọ náà ní àkísà, tí ẹ fi ẹrẹ̀ kùn ún, tí ẹ fi èédú kun ojú ọmọ, ẹ ti bọ́ sọ́dọ̀ aláwàdà mìíràn nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Nítorí dúdú-òun-funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ kọ́ ni mo máa ń wá, ìyàtọ̀ ni. Fóònù ni mo fi ń dán an wò. Ẹ gbé aṣọ tí ẹ fẹ́ fi ṣe bóòtáì lé orí èyí tí ẹ fẹ́ fi ṣe ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì sọ fọ́tò náà di dúdú-òun-funfun. Pupa àti àwọ̀ ewé tó ń bára wọn jà lójú, inú fọ́tò lẹ máa ti rí i pé àwọ̀ eérú kan náà ni wọ́n lè dà, bóòtáì á sì rì sínú ṣẹ́ẹ̀tì. Pupa lórí funfun á yọ. Àdìrẹ dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè á yọ. Ẹ wá àmì tó tóbi, bí ìlà tó fẹ̀ tó ínṣì 1 tàbí àmì róbótó tó tó ẹnu ife. Òdòdó wẹ́wẹ́ tó dára lọ́wọ́, tí ẹ bá ti sún sẹ́yìn dé ìlà àga kẹta, eruku lásán ló ń dà.

Ara aṣọ ni mo máa ń rán ṣáájú, torí òun ló máa gbé bóòtáì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á lọ ra ṣẹ́ẹ̀tì àti kóòtù XXL nínú òkìrìkà, wọ́n á ní ó ti tóbi, ó ti jọ ọ́. Kò jọ ọ́. Kọ́là á ṣí sílẹ̀, èjìká á wó lé apá, ẹni náà á dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Ohun tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni kí ibì kan bá a mu rẹ́gí, kí ibì kejì sọ̀ sílẹ̀ gbayawu. Nítorí náà, ọrùn àti èjìká gbọ́dọ̀ jókòó. Ẹ yí téèpù mọ́ ọrùn, kí ẹ fi ínṣì ½ péré kún un. Èjìká, bó ṣe rí lára gan-an ni kí ẹ gé e. Àyà ni kí ẹ fi ínṣì 4 kún. Apá ṣẹ́ẹ̀tì á gùn dé ọrùn ọwọ́, àmọ́ apá kóòtù á kúrú sí i ní ínṣì 3, kí ṣẹ́ẹ̀tì lè yọ síta.

Ṣòkòtò, ẹ fi ínṣì 6 kún ìbàdí, kí ó sì parí ní ínṣì 4 sókè ọrùn ẹsẹ̀, kí ìbọ̀sẹ̀ hàn. Suspender, okùn tó ń gba èjìká di ṣòkòtò mú, ló máa gbé e dúró. Ojú mẹ́rin ni ó yẹ kí ó ti dì í mú, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ojú kan ló wà lẹ́yìn, ṣòkòtò náà á máa yí, ilé bọ́tìnnì iwájú á ti dé ìhà kí onítọ̀hún tó jó orin kan tán. Ẹ fi hard stay, aṣọ líle tí a ń fi sínú aṣọ kó lè dúró, sínú ìgbànú ṣòkòtò náà, torí ìbàdí tó fẹ̀ tí kò ní stay á ká wálẹ̀ ní gbogbo ibi tí suspender ò bá ti fà á.

Bóòtáì ló kàn, òun ló sì gba iṣẹ́ jù. Fún àgbàlagbà, ínṣì 18 ní ìbú àti ínṣì 9 ní gíga ni mo máa ń ṣe é. Fún ọmọ ọdún 7 tàbí 8, ínṣì 11 sí ínṣì 5½. Ẹ máa rò pé ínṣì 9 á bo ẹnu. Kò ní bò ó tí ẹ bá fún àárín rẹ̀ dáadáa. Apá méjèèjì ló ga, wọ́n sì ti kọjá àgbọ̀n lọ sí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó ga dé góńgó. Tí ẹ bá fi àárín sílẹ̀ ní ínṣì 5, ẹni náà ò ní lè jẹun. Ínṣì 2½ sí 3 ni kí ó jẹ́.

Yáàdì 1 ànkárá ti tó, á sì ṣẹ́kù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan síṣọ́ọ̀sì, ẹ rẹ aṣọ náà sínú omi gbígbóná wọ́ọ́rọ́ kí sítáàṣì rẹ̀ jáde, ẹ sá a, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Gum stay, ìyẹn stay tó ní gọ́ọ̀mù tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ, kì í lẹ̀ mọ́ sítáàṣì. Ó lè dà bíi pé ó ti lẹ̀, àmọ́ tí òógùn bá kàn án, á wú níbì kọ̀ọ̀kan, ojú bóòtáì á máa yọ kókó. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ínṣì 37 sí 19, kí 37 náà wà ní ìbú aṣọ. Ẹ gé gum stay ní ínṣì 36 sí 18, kí ẹ tò ó sí ẹ̀yìn aṣọ, kí ínṣì ½ ṣẹ́ kù yí ká tí stay ò ní dé, torí ojú ìránṣọ á ki jù tí stay bá wọ ibẹ̀. Ẹ má wọ́ áyọ́ọ̀nù lórí rẹ̀. Ẹ gbé e lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ tó gbé e lé ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kó tutù lórí tábìlì kí ẹ tó gbé aṣọ náà sókè, torí gọ́ọ̀mù tó ṣì gbóná máa ń ṣí padà.

Ẹ ṣẹ́ aṣọ náà po ní gígùn, kí ojú dáadáa wà nínú, ẹ rán ẹ̀gbẹ́ tó gùn pẹ̀lú ínṣì ½, kí ẹ sì yí i síta. Ẹ jẹ́ kí ojú ìránṣọ wà láàrin ẹ̀yìn. Ẹ wá mú etí rẹ̀ méjèèjì pàdé ní àárín ẹ̀yìn náà, kí ọ̀kan gun èkejì ní ínṣì 1, bóòtáì yín ti di ínṣì 18 nìyẹn. Kí ẹ tó rán an pa, ẹ ki fóòmù tó nípọn ínṣì ¼ sínú rẹ̀. Ẹ má fi fóòmù odindi kan sí i. Méjì ni, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ínṣì 7½ sí 8, kí àárín ṣófo. Fóòmù tó bá wọ àárín kò ní jẹ́ kí ẹ rí i fún, abẹ́rẹ́ á sì máa ṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ 16 ni kí ẹ fi rán an, kí ẹ sún ẹsẹ̀ òwú sí 3. Abẹ́rẹ́ 14 á máa fo ojú rírán.

Ohun tó ń jẹ́ kí bóòtáì sorí kọ́ ni etí òde méjèèjì. Àárín ní ohun tó dì í mú, etí ò ní nǹkan kan, òógùn àti ooru gbọ̀ngàn sì máa ń rọ stay. Àwọn kan máa ń ki wáyà sí i. Mi ò fara mọ́ ọn, pàápàá fún ọmọdé, torí wáyà á gún aṣọ yọ, ibi tó sì máa yọ sí kò jìnnà sí ojú. Bone oníke tí wọ́n ń fi sínú kọ́sẹ́ẹ̀tì ìyàwó, èyí tí ẹ máa rí ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò télọ̀, òun ló dára. Ẹ gé méjì ní ínṣì 8½, ẹ fi iná àbẹ́là yọ́ orí wọn kó lè róbótó, ẹ fi aṣọ pélébé wé e, kí ẹ rán ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ etí òde nínú lọ́hùn-ún. Ẹ ti rí i pé iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wáyé kí ẹ tó rán ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Ẹni tó bá gbàgbé á tú u.

Ó ku àárín. Ẹ fi ọwọ́ ká a ní ìká mẹ́ta, kí ẹ fi òwú onílọ̀ọ́po méjì lọ́ ọ mọ́ra, ẹ fà á le. Ẹ gé ìdè rẹ̀ ní ínṣì 6 sí 8, ẹ ṣẹ́ ẹ po di ínṣì 2½, ẹ wé e mọ́ ọn, kí ẹ fọwọ́ rán an lẹ́yìn. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí àmì ara aṣọ ìdè náà yàtọ̀ sí ti apá méjèèjì, bóyá kí ìlà rẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà tí tiwọn dúró. Láti òkèèrè, ìdè yẹn ló ń sọ fún ojú pé bóòtáì ni, kì í ṣe ìrọ̀rí.

Bí wọ́n á ṣe so ó mọ́ra tún lẹ́jọ́. Ẹlásíìkì yí ọrùn ká ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń rò. Iwájú ni ẹrù náà wà, á máa wó síwájú, ẹni tó wọ̀ ọ́ á ní kí wọ́n fún ẹlásíìkì sí i, ẹ̀mí á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ẹ rán velcro méjì mọ́ ẹ̀yìn bóòtáì, kí wọ́n jìnnà síra ní ínṣì 5, kí ẹ rán ìkejì wọn mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ní ìsàlẹ̀ kọ́là. Ṣẹ́ẹ̀tì ló ń gbé ẹrù báyìí, kì í ṣe ọ̀fun. Ìdí tí mo fi ní kí kọ́là jókòó nìyẹn.

Gíláàsì ò gba owó, ìwọ̀n ló gbà. Páálí líle ni, ìpele méjì tí ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà lẹ̀ pọ̀, tí ẹ gbé ohun wúwo lé mọ́jú kó má baà wọ́. Páálí Indomie ò dára, ó ń ṣẹ́. Ẹ ṣe róbótó méjì, ínṣì 3½ láti etí dé etí, kí ihò inú wọn jẹ́ ínṣì 2½. Afárá orí imú ni ẹ̀tàn wà. Ojú máa ń fẹ́ kí ènìyàn fi ínṣì 1 ṣe é kí férémù lè tóbi sí i, àmọ́ ẹyinjú èèyàn méjèèjì ò jìnnà síra ju bí ínṣì 2½ lọ. Afárá ínṣì 1 á ti ihò méjèèjì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí férémù á sì bo apá kan ojú. Ínṣì ½ ni kí afárá jẹ́. Ẹ kun ún dúdú, tàbí kí ẹ fi rẹ́sìnì dúdú (awọ àtọwọ́dá) bò ó. Ẹ lẹ fóòmù kékeré mọ́ abẹ́ afárá, kó má baà máa rọ́ wálẹ̀ lórí imú tó ń làágùn, kí ẹ so ẹlásíìkì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn apá rẹ̀, kó gba abẹ́ fìlà kọjá.

Ẹ má fi díńgí tàbí ike kankan sínú ihò náà. Iná gbọ̀ngàn á kọ lára rẹ̀, iná fóònù náà á kọ lára rẹ̀, gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà á sì di ti ẹni tí kò lójú. Ojú sì ni aláwàdà fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ṣọdún 60 tí kò ríran láìsí gíláàsì dókítà ńkọ́? Ẹ má ní kó bọ́ ọ. Ẹ fi òwú dúdú di férémù páálí náà mọ́ iwájú tirẹ̀ níbi afárá àti ní igun méjèèjì. Ẹ̀yìn ayẹyẹ, ẹ gé òwú kúrò.

Aago tó wù yín lẹ lè lò, àmọ́ ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, kí ó sì sọ aago tó lù. Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ wò ó, tó bá ti dúró, wọ́n á ké e síta. Aago ara ògiri oníke tó tó ínṣì 8 ló dára fún àyà. Ẹ yọ díńgí iwájú rẹ̀, torí òun ló wúwo jù, òun ló sì ń fọ́. Ẹ má fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e kọ́rùn. Aṣọ tó fẹ̀ tó ínṣì 1½ ni, tí ẹ fi velcro so pọ̀ lẹ́yìn ọrùn, kó lè já fúnra rẹ̀ tí ọmọ mìíràn bá fà á. Tó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ ni wọ́n fẹ́, aago tábìlì tó tó ínṣì 4 ti tó, lórí bẹ́líìtì tó fẹ̀ ní ínṣì 2. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á yí lọ sí abẹ́ apá. Ẹ pa agogo ìjí-ni inú rẹ̀. Mo bẹ yín. Àárín àdúrà ló máa ń dùn.

Kí wọ́n tó gbé aṣọ lọ, ẹ ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ rìn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ wo Ọ̀run Mooru, fíìmù tí Ọlá Balógun darí fún un ní 1982. (Fíìmù yẹn náà ni àwọn ajídàkọ kó sórí fídíò tí wọ́n ń tà, tí gbèsè fi wọ baba náà lọ́rùn. Inú ṣì ń bí mi sí i.) Kì í ṣe nítorí aṣọ ni mo ṣe ní kí wọ́n wò ó. Bó ṣe ń dúró ni kí wọ́n wò, bó ṣe ń wo èèyàn bí ẹni pé èèyàn náà ni kò múra. Ẹni tó bá wọ bóòtáì ínṣì 18, tó wá ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó ti ba àwàdà náà jẹ́. Kó ṣe bí ẹni tó ń lọ sí báǹkì.

Tí aṣọ bá ń lọ sí òkè òkun, bíi ti àwọn tó ń ṣe ayẹyẹ ní London, ẹ má ká bóòtáì sínú àpò. Bone tó bá ti tẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kì í nà tán. Ẹ fi páálí sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò lẹ lè fọ̀. Bóòtáì, kìkì aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, torí fóòmù tó bá mu omi á gba ọjọ́ pípẹ́ kó tó gbẹ, á sì máa rùn. Ẹ sì yọ bátìrì aago kí ẹ tó gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù, torí omi rẹ̀ á jò sára ẹ̀rọ, ẹni tó bá fẹ́ yá aṣọ náà lọ́dún tó ń bọ̀ á wá máa wá aago tuntun.